Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń tan tí ojú rẹ̀ dúdú: ẹ wá ibi tó ti ń dùn ún kí ẹ tó ra páàtì

Ẹ tẹ bọ́tìnnì, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, iná iwájú àpótí tàn, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú bí inú ìkòkò. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, òkùnkùn kan náà ni. Mo mọ ẹnìkan tó ra mọ́nítọ̀ mìíràn, tó ra power pack (àpótí irin inú kọ̀ǹpútà tó ń pín iná fún un), tó wá ra àpótí mìíràn lódindi, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu RAM (pátákó kékeré tó ń ṣe ìrántí kọ̀ǹpútà) ló dọ̀tí. Kílínà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ni oògùn rẹ̀.

Àwọn kọ̀ǹpútà tí mo ní lọ́kàn níbí ni tòkunbọ̀ orí tábìlì tó kún ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé àti ọ́fíìsì wa: Dell OptiPlex, HP Compaq, àti àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà. DDR2 tàbí DDR3 (ìran RAM méjì) ni RAM wọn, wáyà VGA tí orí rẹ̀ jẹ́ búlúù ló sì so wọ́n mọ́ mọ́nítọ̀. Kí a má bàa ṣi ara wa gbọ́, àpótí tí gbogbo wa ń pè ní CPU, àpótí ni n ó máa pè é. CPU gan-an ni ohun pẹlẹbẹ kékeré tó wà lábẹ́ fáànù nínú rẹ̀. A ó débẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Screwdriver olórí star kan, àti tọ́ọ̀ṣì. Ti fóònù náà tó.
- Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ, tí kò tíì kan ọ̀dà tàbí omi rí.
- Kílínà funfun tó mọ́.
- Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tuntun kan.
- Wáyà VGA mìíràn àti wáyà iná mìíràn tí ẹ ti rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ lára kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ẹ bá lè yá mọ́nítọ̀ tó dára fún wákàtí kan, ó tún dára jù.
- RAM kan tó dára, irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú àpótí. DDR2 àti DDR3 jọra lójú, ìlà wúrà 240 ni wọ́n jọ ní, ṣùgbọ́n gígé tó wà ní ẹnu wọn kò sí ní ojú kan náà. Èyí tí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, kì í ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi ipá tì í.
- Mítà, bí ẹ bá ní. Bí ẹ kò bá ní, ẹ ṣì lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò inú àpótí kí ẹ tó tú ohunkóhun. Wáyà tí ẹ rò pé ẹ ò ní gbàgbé ojú ibi tó wà, òun gan-an ni ẹ máa gbàgbé.

Ìkìlọ̀ kan wà tí kò ní àfi: ẹ má ṣí power pack, ẹ má sì ṣí ẹ̀yìn mọ́nítọ̀. Àwọn capacitor (ohun bí agolo kékeré tó ń gba iná sínú) ńlá inú wọn máa ń tọ́jú iná pa mọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, mọ́nítọ̀ àtijọ́ onídìí gbọọrọ ló sì burú jù nínú gbogbo wọn. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí kò nílò kí ẹ tú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìpele 1: Ẹ mọ irú àìsàn tó jẹ́

Ẹ tan án, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ fi ojú àti etí sí i fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dúró tó bẹ́ẹ̀, wọn á ti tún bọ́tìnnì tẹ̀.

Bí kò bá sí iná, tí fáànù kò yí, tí kò sí ìró kankan, ẹ lọ sí Ìpele 3. Bí fáànù bá ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí ojú dúdú, ẹ ṣe Ìpele 2 kí ẹ tó ṣe Ìpele 4. Bó bá ń tan dáadáa tó wá ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Ìpele 5. Bí ẹ bá ń rí lẹ́tà funfun lórí dúdú, tàbí ojú búlúù, Ìpele 6 ni tiyín, mọ́nítọ̀ yín kò sì ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Fún àwọn tí ojú wọn dúdú, ìdánwò kékeré kan wà tó máa gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wá tẹ Num Lock lórí kíbọ́ọ̀dù. Bí iná Num Lock bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àpótí yẹn wà láàyè. Ó ti jí, ó ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ò rí ojú rẹ̀. Mọ́nítọ̀, wáyà VGA tàbí káàdì graphics (èyí tó ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀) ni kí ẹ fura sí. Bí iná náà bá gan síbẹ̀, tí kò yí padà, inú àpótí ni wàhálà wà.

Ìpele 2: Mọ́nítọ̀ àti wáyà rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí mọ́nítọ̀ wà lórí iná, kí ẹ yọ wáyà VGA kúrò lẹ́yìn àpótí. Mọ́nítọ̀ tó yè gbọ́dọ̀ kọ ohun kan sójú, bíi "No Signal" tàbí "Check Signal Cable", kó tó sùn. Bó bá kọ ọ́, ẹ dá a láre. Bí iná rẹ̀ kò bá tàn rárá, ẹ pààrọ̀ wáyà iná rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ míì.

Èyí tó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni mọ́nítọ̀ tí iná rẹ̀ tàn, tí àwòrán hàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, tí gbogbo rẹ̀ wá ṣókùnkùn. Ẹ pa iná yàrá, ẹ sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí bí òjìji, àwòrán wà níbẹ̀, iná tó ń tàn án láti ẹ̀yìn ló kú. Àwọn mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ àkọ́kọ́ ń lo gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti fluorescent, gílóòbù náà máa ń gbó, bọ́ọ̀dù tó ń gbé iná fún un náà sì máa ń jó. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ mìíràn kò wọ́n jù ú lọ.

Bí àwòrán bá hàn ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ dà rú, wáyà ni kí ẹ mú. Wáyà VGA ń gbé pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí búlúù kò bá dé, ohun gbogbo á di yẹ́lò bí ojú ẹni tó ní ibà pọ́njú. Bí àwọ̀ ewé kò bá dé, ojú á di pínǹkì. Bí pupa kò bá dé, ó di búlúù tó mú àwọ̀ ewé dání. Ẹ yọ orí wáyà, ẹ wo ẹnu rẹ̀ lábẹ́ iná. Ihò 15 ni VGA ní, abẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ ló máa ń dá gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ fi ẹnu bírò tí ẹ ti yọ ínkì rẹ̀ gbé e dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí bó bá kán, wáyà yẹn ti parí. Àwọn wáyà kan kò ní abẹ́rẹ́ kan láàárín láti ilé wọn wá, nítorí náà abẹ́rẹ́ tí kò sí kọ́ ló túmọ̀ sí pé ó kán. Ẹ fi wé ti wáyà kejì.

"Out of Range" tàbí "Input Not Supported" lójú mọ́nítọ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹnìkan ló ti gbé ìwọ̀n àwòrán sókè ju èyí tí mọ́nítọ̀ lè gbà lọ. Lórí Windows 7, ẹ máa tẹ F8 léraléra bó ṣe ń tan, ẹ mú "Enable low-resolution video", kí ẹ wá dín in kù nínú ètò rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí. Ṣé ihò VGA kan ló wà ni tàbí méjì? Bó bá jẹ́ méjì, ọ̀kan wà lókè níbi tí àwọn ihò USB wà, ìkejì sì wà nísàlẹ̀, lára káàdì tí wọ́n fi kún un. Tí káàdì bá ti wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí máa ń pa ti òkè. Ẹni tó gbá yàrá tó yọ wáyà, tó wá fi í sí ti òkè padà, á sọ pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* mọ́nítọ̀ náà gbé àwòrán jáde lára kọ̀ǹpútà mìíràn pẹ̀lú wáyà kan náà. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má padà sọ́dọ̀ mọ́nítọ̀ mọ́ lónìí.

Ìpele 3: Kò tan rárá

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ògiri. Ẹ fi gílóòbù tàbí ṣájà fóònù dán súkẹ́ẹ̀tì náà wò. Ẹ yọ UPS kúrò láàárín, ẹ fi wáyà sí ògiri tààrà, torí UPS tí bátìrì rẹ̀ ti kú máa ń ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ló ní àìsàn. Bí iná bá lọ sílẹ̀ débi pé fáànù òkè àjà ń yí bí ẹni tó ń tòògbé, ẹ ní sùúrù kí ó dára tàbí kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Power pack tó ti gbó kì í lè gbéra lórí irú iná bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá yí ẹ̀yìn àpótí síwájú. Lára ọ̀pọ̀ power pack àtijọ́, súìṣì pupa kékeré kan wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. 230 ló gbọ́dọ̀ hàn ní Nàìjíríà. Èyí tó ti Amẹ́ríkà dé lè ṣì wà ní 115. Ojú mi ló ṣe nígbà tí ẹnìkan gbé tòkunbọ̀ tuntun dé, tó kì í bọ ògiri láìwo ẹ̀yìn: ìró kan péré, pàù, bíi báńgà ọdún Kérésì, èéfín yọ níbi fáànù, ọ́fíìsì wọ òkùnkùn. Ìdajì ìṣẹ́jú kò pé tó fi gbé e jáde nínú páálí. Ẹ wo súìṣì yẹn, ẹ tún un wò, kí ẹ tó fi wáyà bọ̀ ọ́.

Bí ògiri àti wáyà bá dára:

1. Ẹ yọ wáyà iná. Ẹ tẹ bọ́tìnnì iwájú mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ dá wáyà padà, ẹ tan án. Iná tó há sínú bọ́ọ̀dù (motherboard, pátákó ńlá inú àpótí tí gbogbo nǹkan so mọ́) máa ń dí i lọ́wọ́, èyí sì ń tú u sílẹ̀. Mo ti fi èyí nìkan wo kọ̀ǹpútà sàn ju bí mo ṣe lè kà lọ.
2. Ẹ ṣí àpótí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ńlá oníhò 24 tó wọ inú motherboard, ẹ tún un tì padà títí ẹ ó fi gbọ́ kẹ̀.
3. Ẹ fura sí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n tò pọ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì láti ara bọ́tìnnì wọ orí abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ PWR sí nítòsí. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ẹnu screwdriver kan abẹ́rẹ́ méjèèjì papọ̀ fírí. Bí kọ̀ǹpútà bá tan, bọ́tìnnì ló ti gbó.
4. Bí kò bá tan síbẹ̀, power pack ni kí ẹ fura sí. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára bọ́ọ̀dù àti disk. Nínú púlọ́ọ̀gì 24, wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà. Ẹ fi irin tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀ kàn án mọ́ wáyà dúdú kan, kí ẹ tó fi iná sí i. Fáànù power pack gbọ́dọ̀ yí. Bí ẹ bá ní mítà, wáyà yẹ́lò gbọ́dọ̀ fún yín ní 11.4 sí 12.6, wáyà pupa 4.75 sí 5.25.

Àwọn HP àti Dell kan wà tí púlọ́ọ̀gì wọn kò ní ihò 24. Ẹ má fi irin kan ìyẹn, ẹ yá power pack irú rẹ̀ kan náà dán an wò. Àti pé fáànù tó yí kò ní kó jẹ́ pé power pack ní agbára tó láti gbé ẹrù. Èyí tí kò yí nìkan ni ìdájọ́ rẹ̀ ti pé.

Ìpele 4: Fáànù ń fẹ́, ojú dúdú

Ibí ni ọ̀pọ̀ yín máa bá ara yín, ibí náà ni ìkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí ẹ bọ́ kọ̀ǹpútà sí ìhòòhò, kí ẹ wá máa wọ aṣọ fún un padà níkọ̀ọ̀kan, títí ẹ ó fi rí èyí tó ń yún un.

Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan kí iná tó ṣẹ́kù jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí kí ẹ tó kan ohunkóhun nínú rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí aṣọ ń ta pẹ́pẹ́ lára. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà nínú ihò USB, ẹ yọ wáyà disk àti ti DVD, ẹ yọ káàdì tí wọ́n fi kún un tí bọ́ọ̀dù bá ní VGA tirẹ̀. Ohun tó kù ni bọ́ọ̀dù, CPU àti fáànù rẹ̀, RAM, power pack.

Ẹ wo ibi tí CPU wà. Púlọ́ọ̀gì kékeré kan, oníhò 4 tàbí 8, gbọ́dọ̀ wọ inú bọ́ọ̀dù nítòsí rẹ̀. Bí ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn bá gbàgbé rẹ̀, gbogbo fáànù á máa fẹ́ bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́, ojú ò sì ní tàn láéláé.

*RAM.* Ẹ tẹ etí funfun méjèèjì tó di RAM mú sí ìta, ó máa fò sókè. Ẹ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan ẹnu oníwúrà rẹ̀. Ẹ gbé e sábẹ́ iná. Tí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, wúrà rẹ̀ kò ní dán. Ẹ ó rí nǹkan eléérú bí òógùn ọwọ́ tó gbẹ mọ́ ọn, àti ìlà dúdú níbi tí ẹnu súkẹ́ẹ̀tì ti ń jẹ ẹ́. Ẹ gbé e lé orí ìwé, kí ẹ fi kílínà nù ún láti òkè sísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì. Kílínà yẹn á dúdú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ẹrúnrún rẹ̀ dànù pátápátá, torí bó bá bọ́ sínú súkẹ́ẹ̀tì, ẹ ti fi àìsàn tuntun rọ́pò ti àná. Ẹ má fi ọbẹ hó o, ẹ má fi omi nù ún. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú súkẹ́ẹ̀tì náà.

Bí RAM bá ju ọ̀kan lọ, ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ dá padà. Ẹ tì í títí etí méjèèjì yóò fi pa dé fúnra wọn. Ẹ tan án. Bí kò bá gbé àwòrán, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ gbé e sí súkẹ́ẹ̀tì kejì, lẹ́yìn náà ẹ ṣe bákan náà fún RAM kejì. Iṣẹ́ yìí ń súni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fo súkẹ́ẹ̀tì kan ló máa ń lọ ra bọ́ọ̀dù. Ẹ má sì yọ RAM nígbà tí wáyà iná ṣì wà lẹ́yìn. Iná kékeré wà lórí bọ́ọ̀dù kódà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ti kú.

*Igbe rẹ̀.* Bí ojú kò bá tíì tàn, ẹ yọ gbogbo RAM, kí ẹ tan án láìsí RAM kankan. Kọ̀ǹpútà tó ní spíkà kékeré nínú gbọ́dọ̀ ké. Bó bá ké, ayọ̀ ni: bọ́ọ̀dù àti CPU wà láàyè, RAM ni wọ́n ń bèèrè. Bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí òkú, ọ̀rọ̀ ń lọ sọ́dọ̀ bọ́ọ̀dù, CPU tàbí power pack.

HP Compaq máa ń sọ tirẹ̀ yanjú. Iná bọ́tìnnì rẹ̀ á máa ṣẹ́jú pupa lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, á tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìró. Ẹ kà á: méjì, CPU ti gbóná jù, mẹ́rin, iná power pack, márùn-ún, RAM, mẹ́fà, graphics. Ìró rẹ̀ á dákẹ́ tó bá yá, ṣùgbọ́n iná á máa ṣẹ́jú lọ, nítorí náà ẹ má sọ pé ẹ ò tètè dé. Lórí bọ́ọ̀dù tó ní BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé) tí Award ṣe, ìró gígùn kan àti kúkúrú méjì túmọ̀ sí graphics. Ti Dell, iná mẹ́rin tí wọ́n kọ 1 sí 4 sí ló fi ń sọ̀rọ̀. Ìtumọ̀ wọn yàtọ̀ láti OptiPlex kan sí èkejì, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ fi wé ìwé ti OptiPlex yín gan-an.

*CMOS*, ibi tí BIOS ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì pẹlẹbẹ inú bọ́ọ̀dù, ẹ tẹ bọ́tìnnì iwájú mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi tuntun sí i, èyí tí wọ́n kọ + sí kọjú sókè. Bí ètò inú BIOS bá ti dà rú, èyí á dá a padà sí bó ṣe rí tí wọ́n fi gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ ṣe é, torí ó lè dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ ní Ìpele 6.

*Capacitor.* Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sórí àwọn ìgò kékeré tó dúró bí agolo yí CPU ká. Orí wọn gbọ́dọ̀ pẹlẹbẹ. Èyí tí orí rẹ̀ wú bí àkàrà, tàbí tí nǹkan aláwọ̀ bíi tii ń sun láti orí tàbí ìdí rẹ̀, ti kú. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1999 sí 2007, tí capacitor tí kò dára kún inú ọjà káàkiri àgbáyé. Ẹni tó mọ soldering lè pààrọ̀ wọn, bí folti tí wọ́n kọ sí tuntun kò bá ti kéré sí ti àtijọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tàbí lẹ́tà BIOS, hàn lójú mọ́nítọ̀ nígbà tí RAM kan péré wà nínú rẹ̀. Kò ní rí Windows, torí disk kò sí níbẹ̀. Ẹ má jáyà. Ẹ wá dá nǹkan padà níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tan án lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí òkùnkùn bá padà, ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ni olè.

Ìpele 5: Ó tan, ó tún kú fúnra rẹ̀

Ooru ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wo fáànù CPU: bí eruku bá ti di bíi búláńkẹ́ẹ̀tì láàárín irin abẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ráyè kọjá. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí afẹ́fẹ́ gbá a.

Bí kò bá tó, pẹ́ẹ̀sì tó wà láàárín CPU àti irin rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ tan kọ̀ǹpútà bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó gbóná díẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, kí ẹ tó yọ irin náà nípa yíyí i sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹ bá fà á gíri nígbà tó tutù, ó lè fa CPU tu. Ẹ fi spirit nu ti àtijọ́, ẹ fi tuntun tó tó wóró ìrẹsì kan sí àárín. Kì í ṣe bọ́tà orí búrẹ́dì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wọ BIOS (F2 lórí Dell, F10 lórí HP, Delete lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù mìíràn), kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Bí kò bá kú, tí ibi tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn, bó bá ní, kò sì máa gun òkè láìdúró, ó ti gbádùn.

Ìpele 6: Lẹ́tà funfun àti ojú búlúù

"CMOS checksum error" tàbí "Time and date not set", tí aago sì ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo òwúrọ̀: bátìrì ni. Tuntun máa fún yín ní 3 folti lórí mítà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wọ BIOS, ẹ tún aago ṣe, kí ẹ mú Save kí ẹ tó jáde, kó lè rántí.

Àmọ́ bátìrì tó kú yìí máa ń fi ẹ̀bi mìíràn sílẹ̀. Windows 7 gbé ojú búlúù jáde pẹ̀lú 0x0000007B, ẹni tó sì ń tún un ṣe ní kí a nu disk, kí a fi Windows tuntun sí i. Ẹ dúró ná. Nígbà tí BIOS gbàgbé ara rẹ̀, ó lè ti yí ọ̀nà tó fi ń bá disk sọ̀rọ̀ padà, láti AHCI sí IDE tàbí RAID. Windows kò mọ ọ̀nà tuntun, ó sì kú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SATA Mode tàbí SATA Operation sí nínú BIOS, ẹ yí i sí èkejì, ẹ tan án. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ dá a padà sí bó ti wà, kí ẹ gbìyànjú ẹ̀kẹta. Fáìlì yín wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

"No bootable device" tàbí "Disk boot failure, insert system disk": ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá flash ẹnìkan ṣì wà nínú USB. Bí kò bá sí, ẹ wo wáyà SATA méjèèjì, ti dátà tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti ti iná. Ẹ wọ BIOS. Bí orúkọ disk kò bá sí níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà dátà.

Bí ẹ bá gbọ́ tak, tak, tak láti inú disk, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Disk yẹn ń kú lọ, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un tan ń gba nínú ohun tó kù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún yín lórí rẹ̀ ni kí ẹ kó fáìlì jáde, ẹ má gbìyànjú àtúnṣe kankan lórí rẹ̀ kó tó di ìgbà náà.

Fún "BOOTMGR is missing" nígbà tí disk hàn nínú BIOS: ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí DVD tàbí flash Windows 7 (F12 lórí Dell, F9 lórí HP), ẹ mú "Repair your computer", kí ẹ jẹ́ kí Startup Repair ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó lè gbà á ní ìgbà méjì. Bó bá kùnà, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ `bootrec /fixmbr`, lẹ́yìn náà `bootrec /fixboot`, lẹ́yìn náà `bootrec /rebuildbcd`. Ẹ má ṣe tẹ "Install now" tí ẹ kò bá fẹ́ sunkún.

Ìpele 7: Kí ẹ tó dé ìdérí

Ẹ jẹ́ kí ó tan nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà jẹ́ ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tó ti sun mọ́jú láìsí wáyà iná. Àìsàn RAM àti ti capacitor fẹ́ràn òtútù òwúrọ̀, wọ́n á ṣe bí ẹni pé wọ́n ti lọ tó bá di ọ̀sán. Nínú Windows, ẹ kọ `mdsched` síbi ìwákiri, kí ẹ jẹ́ kó yẹ RAM wò títí dé òpin. Bó bá rí àṣìṣe, RAM yẹn ti parí, kílínà kò lè ṣe é mọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, tí ọ̀rọ̀ sì já sí motherboard DDR2, èrò tèmi ni pé kí ẹ má náwó lé e. Ẹ yọ disk, RAM àti power pack rẹ̀ pa mọ́, kí ẹ fi owó bọ́ọ̀dù kún owó àpótí DDR3. Fún DDR3, mo ṣì máa ń tún un ṣe.

Nínú ìdérí àpótí, mo máa ń lẹ téèpù funfun kan, tí mo máa ń fi máákà kọ ọjọ́ tí mo pààrọ̀ bátìrì, ọjọ́ tí mo fi pẹ́ẹ̀sì tuntun sí i, èyí tó dára nínú àwọn súkẹ́ẹ̀tì RAM, àti ohun tí SATA Mode jẹ́ kí bátìrì tó kú. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín fún jù.